Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ẹni tí ó bá gba títì ńlá láti Lomé wá sí Atakpamé yóò rí àwọn ìgò tí a tò sórí tábìlì kékeré lẹ́bàá ọ̀nà. Ìgò ọtí ni wọ́n tẹ́lẹ̀ rí. Ohun tí ó wà nínú wọn báyìí pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí oyin. Epo bẹntiróòlù ni. Ní Lomé wọ́n ń pè é ní boudè. Ní Kútọnu wọ́n ń pè é ní kpayo. Láti Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, ó sì ń gba ọ̀nà tí aṣọ́bodè kò sí kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ka ìwé yìí ti rà á rí. Kò wọ́n tó ti ilé epo. A sanwó, a gun alùpùpù wa, a bá tiwa lọ.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ní ọjọ́ tí ó gorí àlééfà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ìrànwọ́ tí ìjọba Nàìjíríà ń ṣe lórí owó epo ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti kọjá 480 náírà. Ìgò ẹ̀bá títì gbówó lórí ní Kútọnu, ó gbówó lórí lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú. Ìgbà náà ni ó yẹ kí a ti bi ara wa léèrè: owó ta ni a ti ń jẹ láti ọdún wọ̀nyí wá? Ìrànwọ́ náà kì í ṣe ẹ̀bùn tí ó já bọ́ láti ọ̀run. Owó tí ì bá tún ilé ìwé ṣe ní Ṣakí, tí ì bá ra oògùn sí ilé ìwòsàn ní Kánò, wà lára ohun tí a fi ń gun alùpùpù ní Atakpamé. A kò jí i. Ṣùgbọ́n a jẹ níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń béèrè bí orílẹ̀-èdè tí epo ń bọ́ ṣe lè kọ́ láti fi ohun mìíràn bọ́ ara rẹ̀, kí ó sì tún ìjọba rẹ̀ ṣe, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aládùúgbò ni a ń sọ. Ọ̀rọ̀ wa ni. Ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ ni òwe tí a fi ṣe àkọlé: ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Wọ́n ní kí a gbin nǹkan, kí a kọ́ ilé iṣẹ́, kí a má gbójú lé ohun kan ṣoṣo. Òwe náà kò purọ́. Síbẹ̀, a rò pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ohun tí a fẹ́ sọ níhìn-ín ni pé ọ̀nà tí ó wọ ọjà lè pọ̀, kí ó sì jẹ́ pé oníbodè kan ṣoṣo ni ó jókòó sí ẹnu gbogbo wọn. Níbi tí ọ̀ràn bá ti rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí nǹkan bá ṣe oníbodè náà, gbogbo ọ̀nà ni yóò dí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Nàìjíríà. Ní 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Olóíbírì, ní agbègbè Niger Delta. Ní 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á sí òkè òkun. Kí epo tó di ọba, kòkó ni ó ń bọ́ ìwọ̀ oòrùn, ẹ̀pà àti òwú ni ó ń bọ́ àríwá, epo pupa àti èkùrọ́ ni ó ń bọ́ ìlà oòrùn. Owó kòkó wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Òun náà ni ó kọ́ Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní Ìbàdàn ní 1965. A kò sọ èyí láti fi ìgbà àtijọ́ ṣe ọ̀run rere. Ìjọba ìgbà náà yọ lára owó àgbẹ̀, àgbẹ̀ sì mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà níbẹ̀: ìjọba náà kò lè gbàgbé àgbẹ̀. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, bí kòkó bá rà lórí igi, ìjọba yóò mọ̀ nínú àpò ara rẹ̀. Nígbà tí owó orí sì pọ̀ jù, láàárín 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ dìde. Àgbẹ̀kọ̀yà ni a mọ̀ wọ́n sí. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò. Ní ìgbẹ̀yìn, ìjọba dín owó orí náà kù. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun ń sanwó ni ó lè bínú lórí owó.

Nígbà tí epo gba ipò kòkó, okùn tí ó so ìjọba mọ́ àgbẹ̀ já. Abẹ́ omi àti irà ni owó ti ń wá. Àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ni ó ń wa epo náà, ìjọba àpapọ̀ ni ó ń gba owó rẹ̀, oṣooṣù ni ó sì ń pín in fún àwọn ìpínlẹ̀. Gómìnà tí ó ń retí ìpín láti Abùjá kò nílò láti mọ̀ bóyá iṣu ta ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ lọ́dún yìí. Kò sí ẹni tí ó ń lé àgbẹ̀ kiri nítorí owó orí mọ́, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń la ọ̀nà dé oko rẹ̀ mọ́, nítorí kò sí ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ wa ni ó mọ̀ ọ́n. Ní 1975, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ ojú omi tí ó kó sìmẹ́ǹtì dúró lójú òkun ní Èkó, wọn kò ríbi gúnlẹ̀ sí, nítorí ìjọba ológun ti ra ju ohun tí èbúté lè gbà lọ. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, nígbà tí owó epo ti já wálẹ̀, Nàìjíríà pàṣẹ ní oṣù kìíní 1983 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde kúrò nílùú. Àwọn tí ó jáde lé ní mílíọ̀nù kan. Ọmọ Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọ Tógò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀nà etíkun wa ni ọ̀pọ̀ wọn gbà kọjá, pẹ̀lú ẹrù lórí àti ọmọ lẹ́yìn. Ọrọ̀ náà pè wọ́n nígbà tí ó ń bọ̀. Nígbà tí ó ń lọ, àwọn ni ó kọ́kọ́ tì síta. Àwọn àgbà ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́.

Ó rọrùn láti na ìka sí aládùúgbò. Ṣùgbọ́n àwa náà ní epo tiwa; òkúta ni tiwa. Ní 1952 ni wọ́n rí fọ́sífáàtì ní agbègbè Hahotoé. Láti 1961 ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó o láti èbúté Kpémé lọ sí òkèèrè. Ní 1974, ohun méjì bọ́ sí ojú kan náà. Iye tí wọ́n ń ra fọ́sífáàtì ní ọjà àgbáyé di ìlọ́po mẹ́ta ó lé. Lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú tí ó ṣẹlẹ̀ ní Sarakawa, ìjọba Ààrẹ Eyadéma sì sọ ilé iṣẹ́ tí ó ń wa òkúta náà di ti orílẹ̀-èdè pátápátá. Owó wọlé bí a kò ti rí i rí.

Kí ni a fi ṣe? A la ọ̀nà púpọ̀ wọ ọjà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwọn tí ó ń ṣètò fún Tógò nígbà náà kò gbọ́ òwe wa. A kọ́ ilé iṣẹ́ ìfọpo sí Lomé, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní kànga epo kan. A kọ́ ilé iṣẹ́ irin. A bá Gánà àti Côte d'Ivoire dá ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì CIMAO sílẹ̀ ní Tabligbo. Ilé iṣẹ́ aṣọ wà ní Datcha, lẹ́bàá wa níhìn-ín. A tún kọ́ òmíràn sí Kara. A kọ́ Hôtel du 2 Février, tí àjà rẹ̀ lé ní ọgbọ̀n, sí àárín Lomé. Owó fọ́sífáàtì san díẹ̀ nínú rẹ̀. Gbèsè ni ó san ìyókù, nítorí àwọn ayánilówó gbà pé owó òkúta náà yóò máa ga sí i ni.

Owó fọ́sífáàtì kò pẹ́ lókè kí ó tó já. Nígbà tí yóò fi di 1979, Tógò ti wà ní Paris, ó ń bẹ àwọn tí ó yá a lówó pé kí wọ́n sún ọjọ́ ìsanwó síwájú. Ilé iṣẹ́ ìfọpo di ibi tí a ń kó epo pamọ́ sí. CIMAO ti ilẹ̀kùn ní 1984. Ọdún náà ni a fi ilé iṣẹ́ irin háyà fún oníṣòwò ará Amẹ́ríkà kan. Ilé iṣẹ́ Datcha bọ́ láti ọwọ́ kan sí òmíràn, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni ẹ̀rọ rẹ̀ fi dákẹ́, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kó òwú kọjá lọ sí èbúté. Ọmọ tí a kò tíì bí ní 1974 dàgbà, ó bá gbèsè náà nílẹ̀. Ní 2010 ni àwọn ayánilówó tó fagi lé púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tí a bẹ̀ yín kí ẹ kíyè sí nìyí. Kì í ṣe pé Tógò kò ní ju ọ̀nà kan lọ ni ó fi ṣubú. Irin, sìmẹ́ǹtì, aṣọ, epo, ilé àlejò: ọ̀nà pọ̀. Ṣùgbọ́n àpò kan ni gbogbo wọn ti ń jẹ, ọwọ́ kan ni ó sì ń ṣí àpò náà. Ọwọ́ yẹn ni ó yan ibi tí ilé iṣẹ́ yóò wà àti ẹni tí yóò darí rẹ̀. Kò sí èyí tí ó pọn dandan fún láti kọ́kọ́ bi oníṣòwò léèrè bóyá yóò rà, tàbí bi àgbẹ̀ léèrè bóyá yóò tà. Bí ọ̀kan bá pàdánù, òkúta Hahotoé ni yóò dí i. Nígbà tí òkúta kò lè dí i mọ́, wọ́n ṣubú ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Igi tí ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, igi kan náà ni.

Ẹnìkan lè bi wá pé: ṣé ẹ̀bi òkúta àti epo ni èyí, àbí ẹ̀bi ènìyàn? Ìbéèrè náà tọ́, nítorí a ti rí i ní agbègbè wa pé ohun tí a fi ọwọ́ gbìn pàápàá lè di ọrọ̀ tí kò ní olùbéèrè. Láti 1964 títí di 1996, àjọ OPAT ni ìjọba fi sí ìdí títa kọfí, kòkó àti àwọn irè oko mìíràn sí òkèèrè. Ìjọba ni ó ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù láàárín iye yẹn àti iye ọjà àgbáyé, wọ́n ní a ó tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí ọjà bá kú. Èrò rere ni. Àká ni wọ́n fẹ́ kọ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kọfí orí òkè Akposso kò ní kọ́kọ́rọ́ àká náà, wọn kò sì pè é kí ó wá wo inú rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ìjọba ná sórí ètò tirẹ̀. Owó orí ńlá ni àgbẹ̀ náà ń san, tí kò sí ẹni tí ó pè é ní owó orí. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń sanwó kò lè béèrè ohun tí a fi owó òun ṣe.

Òwú náà ní ìtàn tirẹ̀. SOTOCO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1974, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Atakpamé, gbé òwú Tógò dé ohun tí ó lé ní 180,000 tọ́ọ̀nù ní àkókò 1998–1999. Lẹ́yìn náà ni owó àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́, ó sì di gbèsè láti ọdún dé ọdún. Àgbẹ̀ kò ṣe ìwọ́de. Ó kàn fi òwú sílẹ̀, ó gbin àgbàdo. Ní àkókò 2009–2010, òwú gbogbo Tógò kò tó 30,000 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí wọ́n dá NSCT sílẹ̀ ní 2009 láti rọ́pò SOTOCO, wọ́n fún ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ní ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún; ní 2020, ilé iṣẹ́ Olam ra èyí tí ó lé díẹ̀ ní ìdajì, ìpín àwọn àgbẹ̀ sì dín kù, ṣùgbọ́n kò tán. A lè jiyàn bóyá ìpín náà tó. Ohun tí a kò lè jiyàn lé ni pé ẹni tí ó ní ìpín, bí ó ti wù kí ó kéré, lè dìde nínú ìpàdé kí ó wí pé: ẹ ṣí ìwé. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ni àtúnṣe ìjọba ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn Lomé jẹ́rìí sí i. Ní oṣù kìíní 1933, ìjọba Faransé fẹ́ gbé owó orí tuntun lé ará ìlú, títí kan àwọn obìnrin ọjà. Wọ́n ti àwọn aṣojú méjì tí ó ń sọ̀rọ̀ fún ará ìlú mọ́lé. Àwọn obìnrin ọjà tú jáde, ìlú dàrú. Ìjọba tú àwọn méjèèjì sílẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn lórí owó orí náà. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọn kò ní ìbò. Ohun tí wọ́n ní ni pé wọ́n mọ iye tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi èyí wé ọdún 1975. Owó tí ó jáde láti Hahotoé lọ́dún yẹn ju gbogbo owó orí tí wọ́n fẹ́ gbà ní 1933 lọ ní ọ̀nà jíjìn, kò sì sí ọjà kan tí ó tú jáde nítorí bí wọ́n ṣe ń ná an. Kò sí ẹni tí ó rí i kí ó jáde láti inú àpò tirẹ̀.

A kò sọ pé kí wọ́n tún gbé owó orí lé tálákà. Owó orí tí a fi kùmọ̀ gbà, tí a kò jíhìn rẹ̀, olè jíjà ni. Àwọn baba wa mọ ìyẹn dáadáa ní ayé Jámánì àti ní ayé Faransé. Òtítọ́ mìíràn ni a fẹ́ fà yọ: tálákà ti ń san án. Owó orí ọjà tí a ń pè ní TVA jẹ́ 18 nínú ọgọ́rùn-ún ní Tógò. Ìyá tí ó ra ọjà tí owó orí yìí kàn ní 1,180 fíráǹkì ti fi 180 fíráǹkì sọ́wọ́ ìjọba. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì gbà gbọ́ pé àwọn ńlá Lomé àti àwọn Òyìnbó ni ó ń bọ́ ìjọba. Nígbà tí wọ́n bá ṣe ẹ̀rọ omi sí àdúgbò rẹ̀, ó máa ń kúnlẹ̀ dúpẹ́. Kò sí ohun tí ó burú nínú ọpẹ́. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè ṣe ìṣirò yìí, tí kò sì tíì ṣe é fún ìyá rẹ̀ gbọ́, ti fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ pamọ́.

Ìbéèrè kan wà tí ó tún jinlẹ̀ ju èyí lọ: ǹjẹ́ ìran kan ní ẹ̀tọ́ láti jẹ ohun tí kò gbìn tán? Àwa ará Ifẹ̀ ti ilẹ̀ yìí ní ìdáhùn rẹ̀ nínú oko wa. Lọ́dọọdún ni a ń ṣe Ọdún Iṣu, tí àwọn ìwé Faransé ń kọ ní Odon-Tsu. Ìlú ń jẹ, ìlú ń jó. Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tí ó lóye tí yóò jẹ iṣu rẹ̀ títí kan èbù. Bí ebi tilẹ̀ ń pa ilé, a ó yọ èbù sọ́tọ̀, nítorí èbù kì í ṣe oúnjẹ ẹni tí ó wà lónìí nìkan. Fọ́sífáàtì àti epo kò ní èbù. Tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ gbé kúrò ní Kpémé kò ní padà hù ní Hahotoé. Ihò ni ó kù níbi tí oko àwọn ará ibẹ̀ wà. Nítorí náà, àwa ni a ní láti fi ọwọ́ wa ṣe èbù fún un. A kò ní kí a má tà á. Kò tọ́ kí a kó owó jọ sí báńkì òkèèrè nígbà tí ibà ń pa ọmọ tí a ti bí. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá tà gbọ́dọ̀ di ohun tí ń hù: ọmọ tí ó kàwé, ọ̀nà tí ó dé oko, omi tí ó mọ́, àti àká tí a lè ṣí nígbà ọ̀dá.

Àwọn kan ti gbìyànjú àká náà. Orílẹ̀-èdè Nọ́wè rí epo ní 1969, ó ṣe òfin àká rẹ̀ ní 1990, ó fi owó àkọ́kọ́ síbẹ̀ ní 1996. Èrè tí wọ́n retí láti inú rẹ̀, tí wọ́n ṣírò ní ìpín 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún láti 2017, ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n ohun tí wọ́n lè ná. Kì í ṣe ọgbọ́n tí a kò lè ní. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rí epo ni wọ́n ti ní aṣòfin tí ń béèrè àti ará ìlú tí ó mọ̀ pé òun ń sanwó. Nàìjíríà náà kọ́ àká ní 2004, ó kó owó epo tí ó bá lé sínú rẹ̀. Ní òpin 2008 ó ti lé ní 20 bílíọ̀nù dọ́là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020 kò tó 100 mílíọ̀nù. Kò sí òfin tó lágbára tí ó dì í mú. Àwọn gómìnà ní kí wọ́n pín in, ìjọba àpapọ̀ ń bù níbẹ̀, kò sì sí ọwọ́ tí ó lè di ìdérí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ni, ẹ wo Botswana. Owó dáyámọ́ǹdì ni wọ́n fi kọ́ ilé ìwé àti ọ̀nà, wọ́n sì dá àká tí a ń pè ní Pula Fund sílẹ̀ ní 1994. Wọ́n ṣọ́ ọ dáadáa. Síbẹ̀, dáyámọ́ǹdì ni wọ́n ṣì gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí ọjà rẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, ìnira dé, àká sì ń gbẹ. Botswana ní oníbodè tí ó ń jíhìn, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ kò tó. Tógò ọdún 1974 ní ọ̀nà púpọ̀, ṣùgbọ́n oníbodè rẹ̀ kò jíhìn fún ẹnìkan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì ní ìdajì ohun tí ó yẹ. Ẹni tí ó bá wí pé kí a kọ́kọ́ kọ́ ilé iṣẹ́, kí a wá tún ìjọba ṣe lẹ́yìn, yóò kọ́ Datcha mìíràn. Ẹni tí ó bá sì wí pé kí a kọ́kọ́ tún ìjọba ṣe, kí iṣẹ́ máa dúró ná, yóò fi ebi pa àwọn tí ìjọba yóò máa jíhìn fún. Ohun kan náà ni méjèèjì, nítorí oníṣẹ́ tí kò jẹ lọ́wọ́ ìjọba ni ó lè bi ìjọba léèrè láìbẹ̀rù. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti ń pọ̀ sí i ni ọ̀nà ọjà fi ń pọ̀ sí i ní tòótọ́.

Kí ni ó wá kàn wá níhìn-ín, àwa ẹgbẹ́ àṣà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́? Ó kàn wá ju bí a ti rò lọ. Tógò wọ ètò àgbáyé tí a ń pè ní ITIE, tí ó ní kí ìjọba àti ilé iṣẹ́ tí ń wa ohun abẹ́ ilẹ̀ tẹ iye tí wọ́n san àti iye tí wọ́n gbà jáde. Ní 2013 ni wọ́n gbà pé a ti mú ìlànà rẹ̀ ṣẹ. Ìròyìn rẹ̀ wà, owó fọ́sífáàtì wà nínú rẹ̀, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Mélòó nínú wa ni ó ti kà á? Ìyá tí ó ń ta gàrí ní Agbonou kò lè kà á. Àwa tí a ń fi èdè méjì kọ ìwé ìròyìn lè kà á fún un. Láti ìgbà ìdìbò oṣù kẹfà 2019, a tún ní ìgbìmọ̀ ìlú tí a fi ìbò yàn, lẹ́yìn ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ètò ìnáwó Ogou 1 kò jìnnà bíi ti Lomé. Olórí ìlú rẹ̀ ń gba ọ̀nà tí a ń gbà. Bí a bá mú ojú ìwé kan nínú rẹ̀, tí a túmọ̀ rẹ̀, tí a kà á sókè ní ìpàdé wa, a ti dá olùbéèrè sílẹ̀ níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Kí a sì tó bi ìjọba, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa. Ilé tí gbogbo rẹ̀ ń jẹ lọ́wọ́ ọmọ kan tí ó wà ní Libreville tàbí ní Jámánì, orílẹ̀-èdè olépo kékeré ni. Bí ọmọ náà bá ṣàìsàn, gbogbo ilé dùbúlẹ̀. Ẹgbẹ́ tí olówó kan ṣoṣo ń gbé ró kò yàtọ̀. Bí ó bá san owó gbọ̀ngàn, owó ìlù àti owó oúnjẹ, ta ni yóò ní kí ó mú ìwé ìṣirò wá? A ó kì í, a ó jókòó, a ó jẹ. Nígbà tí ó bá bínú lọ, ẹgbẹ́ tú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń dá 500 fíráǹkì lóṣooṣù lè má rí owó tó bẹ́ẹ̀. Ariwo yóò wà níbẹ̀, àríyànjiyàn yóò wà, akápò kò ní sùn fọnfọn. A máa ń ka ariwo yẹn sí wàhálà. Ariwo yẹn gan-an ni a ń wá fún orílẹ̀-èdè.

Ìgò epo ṣì wà lẹ́bàá títì. A kò lè fi àpilẹ̀kọ kan gbé e kúrò níbẹ̀, a kò sì ní kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń dúró de oúnjẹ má tà á. Ohun tí a lè ṣe ni kí a máa rántí, nígbà tí a bá ń san owó rẹ̀, pé ẹnìkan ti sanwó níbẹ̀ ṣáájú wa láìmọ̀. Kí a sì máa béèrè, nílé àti ní ẹgbẹ́, ní Ogou àti ní Lomé, ta ni ó ń sanwó, ta ni ó ń ná an, àti èbù mélòó ni a yọ sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń bọ̀.